Òkúta Mẹ́fà Nínú Àpò Ràṣídì

Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó bá yà sílé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: Ìyá Kúdí, báwo ni Niamey, kí lẹ jẹ níbẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni pé oòrùn ibẹ̀ ń se ìrẹsì jinná? Mo ti dáhùn títí ẹnu ń ro mí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí sílẹ̀. Ẹni tó bá tún bi mí, n ó kàn na ìwé sí i ni.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àwa tíṣà ìgbà tiwa kò sì mọ họ́lídé. Bí àwọn ọmọ bá ti gba họ́lídé tiwọn, oko làwa ń gbà lọ. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi Ràṣídì, tó ti ń ta aṣọ ní Niamey láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, ránṣẹ́ pé kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo kọ́kọ́ bi í pé àìsàn wo ló gbọ́ pé ó ń ṣe mí. Ó ní kò sí àìsàn, kí n ṣáà wá jókòó. Mo lọ jókòó. Ẹ ó gbọ́ bí mo ṣe jókòó sí.

Ẹ kú àbọ̀ lọ́tùn-ún lósì

Ọ̀nà jìn. Ohun tí mo ní láti sọ nípa rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìbàdí ṣe ń ro ènìyàn lọ́nà Niamey, kó lọ wọ mọ́tò.

Bí mo ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní gáréèjì, ọkùnrin kan tí n kò rí rí wò mí lójú, ó ní, “Bonne arrivée.” Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíràn ló ń kí. Obìnrin tó ń ta omi náà ní, “Bonne arrivée.” Ṣọ́jà tó gbé ìbọn kọ́ èjìká ní, “Maman, bonne arrivée.” Kí Ràṣídì tó rí mi láàárín èrò, mo ti gbà á títí ó sú mi. Ó ní ẹ kú àbọ̀ ni wọ́n ń wí lédè Faransé. Mo ní ta ló sọ fún wọn pé mo ń bọ̀? Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, ẹni tó bá ṣáà ti dé ni wọ́n ń kí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkíni jù mí lọ. Ọmọ Yorùbá ni mí. A ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, a ní fún ẹni tó dúró, a ní fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo pinnu pé n ó fi hàn wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé ìyá àgbà kan, ọmọ ẹ̀yà Zarma, lẹ́nu ọ̀nà wa ní àdúgbò Kalley. Mo kí i. Ó béèrè bí mo ṣe sùn. Mo dáhùn. Ó béèrè ara mi, ó béèrè ilé, ó béèrè àárẹ̀ ọ̀nà, ó béèrè oòrùn, ó béèrè àwọn tí mo fi sílẹ̀ nílé. Ràṣídì, tó ń túmọ̀ fún wa, ní ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo rẹ̀: “Baani samey”, ìyẹn ni pé àlàáfíà nìkan. Kí n tó rí ohun tí n ó bi í padà, ó ti padà sórí bí mo ṣe sùn. Mo kúnlẹ̀ láti gba ara mi, òun náà jókòó sílẹ̀. Ràṣídì ló fà mí dìde níkẹyìn. Mo gbà fún Zarma.

Ìyàwó Ràṣídì, Ìyá Sáfù, ló ni ilé yẹn ní tòótọ́. Niamey ni wọ́n bí i sí, ọmọ alùfáà kan tó ti Ìlọrin wá ni, obìnrin gíga, tí ohùn rẹ̀ ń dé ibi tó ń lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé, Ràṣídì la ẹnu láti sọ yàrá tí n ó sùn. “Yàrá Sáfù ni,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó tún la ẹnu láti béèrè bóyá n ó wẹ̀. “Omi ti wà ní báluwẹ̀,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. Àbúrò mi pa ẹnu dé. Mo wojú rẹ̀ dáadáa, kò bínú rárá. Ó ti mọ́ ọn lára.

Oúnjẹ ewúrẹ́

Lọ́jọ́ yẹn náà, Ìyá Sáfù gbé oúnjẹ kan wá tí wọ́n ń pè ní dàǹbú. Ìrẹsì ni wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n fi ooru omi sè é, wọ́n da ewé mòríńgà pọ̀ mọ́ ọn, òróró àti àlùbọ́sà sì ń dán lórí rẹ̀. Ẹ rántí pé mòríńgà yìí ni mo fi ṣe ọgbà yí ilé mi ká, tí ewúrẹ́ aládùúgbò mi ń wá jẹ láràárọ̀. Mo wo àwo náà, mo rántí ewúrẹ́. Mo ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún mi, kí wọ́n má baà pè mí ní aláìmoore. Nígbà tí mo bù ú lẹ́ẹ̀kẹta, Sáfù ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti padà dé, ewúrẹ́ yẹn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọgbà mi mọ́.

Ràṣídì mú mi lọ sí Grand Marché, ọjà ńlá wọn, níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín àwọn aláṣọ. Takisí tó gbé wa ń gbé èrò lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wọlé tí kò kí wa, kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀ tí kò dágbére, àfi bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí gbogbo wa. Lọ́jà, Bàyárábíyà ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn obìnrin Yorùbá lédè Hausa. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin ọdún, n kò sì fìgbà kan rò pé obìnrin Yorùbá ni mí. Ìyá Kúdí ni mo rò pé mo jẹ́. Ìgbà tí ènìyàn bá kúrò nílé ni wọ́n tó ń sọ ẹ̀yà rẹ̀ fún un.

Níbẹ̀ ni mo ti rí àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin kan mú aṣọ wá, ó ní wọ́n tà á fún òun níbòmíràn pé ojúlówó ni. Ràṣídì kò tilẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀. Ó gbé aṣọ náà sún mọ́ etí, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á pàù lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ayédèrú ni.” Obìnrin náà kò jiyàn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé nílé, bí Ràṣídì bá ní òjò ń rọ̀, wọn á kọ́kọ́ rán ẹnìkan lọ wò ó.

Ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, nígbà tí Ràṣídì ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, Ìyá Sáfù pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fa báàgì Gánà-mọ́sí-gò kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti kún, ó sì ti fi okùn dì í.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “tí ẹ bá ń lọ, a jọ ń lọ ni. Mo ń lọ bá àwọn ẹbí bàbá mi ní Ìlọrin. Wallahi, mi ò ṣe mọ́.”

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó tú ìdí ìborùn kan, ó da òkúta mẹ́fà sórí ẹní. Wọ́n dán, wọn kò tóbi ju kóró dàbínù lọ.

“Gbogbo dimanche, gbogbo ọjọ́ Àìkú,” ni Ìyá Sáfù wí, “tó bá ti jẹun àárọ̀ tán, á wọ aṣọ funfun, á ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ wo? Kò ní dáhùn. Ó di ọwọ́ ìrun àìlà kó tó dé. Yẹ̀pẹ̀ pupa á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, atalẹ̀ á máa rùn lẹ́nu rẹ̀. Mi ò kì í fi atalẹ̀ sí tíì, Ẹ̀gbọ́n. Òkúta yìí ni mo sì máa ń bá nínú àpò rẹ̀. Mo dà á nù, ó tún kó mẹ́fà mìíràn dé. Mẹ́fà, toujours mẹ́fà, nígbà gbogbo. Kí ni ọkùnrin tó ní làákàyè ń fi òkúta ṣe, tí kì í bá ṣe pé obìnrin kan ló ní kó máa gbé e kiri?”

Ó ní wọ́n ti rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú takisí ní Koira Kano, àdúgbò kan lápá àríwá ìlú, níbi tí kò ní ẹbí, tí kò sì ní oníbàárà.

Ẹ má rò pé owú lásán ló ń jẹ ẹ́. Ó ní, “Tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, kó wí. Bàbá mi fẹ́ mẹ́rin, gbogbo wa la jọ jẹ ẹran ìgbéyàwó wọn. Ṣùgbọ́n kó máa fara pamọ́ fún mi…” Kò parí rẹ̀. Omi bo ojú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi, nítorí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó fẹ́ kò pọ̀. Kí n tọ Ràṣídì lẹ́yìn lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí mo bá ká a mọ́, kò ní lè purọ́ fún mi. Bí obìnrin bá wà níbẹ̀, òun ń bá mi lọ sílé. Mo wá sinmi ní Niamey, wọ́n sọ mí di ọlọ́pàá.

Kápẹ́ẹ̀tì nínú pápá

Èmi àti Sáfù la jọ lọ. Ọmọge tó ń lọ sí yunifásítì ni, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ìwọ̀nba tó gbọ́ ló ń lò, yóò wá fi Faransé tàbí Zarma dí ìyókù. Takisí tiwa tẹ̀ lé takisí bàbá rẹ̀ títí dé pápá gbalasa kan lẹ́yìn ilé ní Koira Kano. Yẹ̀pẹ̀ pupa nìyẹn. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo rántí ohun tí Ìyá Sáfù wí.

Àwọn ọkùnrin tó lé ní ogún pé síbẹ̀, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun. Ará Íńdíà àti ará Pàkísítánì ni wọ́n. Wọ́n ta àtíbàbà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn obìnrin wà lábẹ́ rẹ̀, àwo oúnjẹ wà níwájú wọn. Láàárín pápá gan-an, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì gígùn kan. Ràṣídì sì ni ó ń lọ yẹn, ó wọ ẹ̀wù funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ lé ṣòkòtò, ó gba àárín wọn kọjá, gbogbo wọn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Sáfù di apá mi mú. “Tàǹtí,” ó ní, “mariage ni.”

Kí ni kí n wí? Aṣọ funfun, kápẹ́ẹ̀tì, àtíbàbà, oúnjẹ. Yìgì ni wọ́n fẹ́ so, ó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí mo wá ṣọ́ ọ gan-an ni. Mo wá ìyàwó láàárín àwọn obìnrin yẹn, n kò mọ èyí tí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo rí ìyá àgbà kan tó jókòó sórí àga tó dára jù, mo ní ìyá ìyàwó nìyẹn. Mo lọ jókòó tì í. Mo fi ìwọ̀nba Hausa tí mo gbọ́ ní Sábó kí i, mo fi ojú líle kí i, kó lè mọ̀ pé àwa náà ní ẹbí. Hausa tirẹ̀ dán ju tèmi lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bu tíì fún mi. Mo gbé e sẹ́nu. Atalẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Àwọn ọkùnrin náà fọ́n ká inú pápá, wọ́n dúró jìnnà síra wọn bí àwọn tó ń bínú. Wọ́n ri igi mẹ́ta mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní orí méjèèjì kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan di igi pẹlẹbẹ kan mú, igi náà tó ọmọ ọdún méjì ní gíga. Ẹlòmíràn á sáré láti ọ̀nà jíjìn, á yí apá bí ẹni tí oyin ta, á sọ bọ́ọ̀lù pupa kékeré kan sí i. Ọmọ yẹn á gbá a tàbí kó má gbá a. Gbogbo wọn á wá dákẹ́, wọn á rìn padà, wọn á tún un ṣe. Mo ti rí oríṣiríṣi ìgbéyàwó, n kò rí irú èyí.

Ràṣídì dúró ní orí kápẹ́ẹ̀tì kan, kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì rí i: bí wọ́n bá ti sọ bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, á ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, á mú òkúta kan, á jù ú sí àpò òsì. Òkúta Ìyá Sáfù nìyẹn.

Ìka kan

Ẹni tó ń sáré tún sáré. Ó sọ bọ́ọ̀lù. Ohun kékeré kan dún, n kò mọ̀ bóyá igi ni tàbí ẹsẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ọkùnrin mọ́kànlá yíjú padà sí àbúrò mi, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n sì fi ohùn kan ṣoṣo jágbe mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ọkùnrin mọ́kànlá, sí ẹnìkan ṣoṣo, àgbàlagbà, ní ilẹ̀ àjèjì. Ràṣídì kò sá, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó wo iwájú, ó sì rọra na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sókè.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí bíi tèmi, ẹ mọ ìgbà tí a ń na ìka yẹn. Mo ní, ó ti parí, wọ́n ti mọ̀ pé ó ní ìyàwó nílé, wọ́n fẹ́ pa á, àbúrò mi ti ń kí kálímà ṣàhádà.

N kò mọ̀ pé mo ṣì lè sáré. Ife tíì lọ sọ́nà tirẹ̀, èmi lọ sọ́nà tèmi. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé etí kápẹ́ẹ̀tì, mo bọ́ bàtà. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ràṣídì, mo kọjú sí àwọn mọ́kànlá yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. N kò mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í wádìí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ìyá ẹni kí a tó bá a bẹ̀bẹ̀. Mo ní, “Don Allah, ku yi haƙuri, ku yafe masa.” Ẹ ṣe sùúrù nítorí Ọlọ́run, ẹ dáríjì í.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó di igi mú, tó ti ń rìn lọ pẹ̀lú ojú kíkorò, dúró. Ó yípadà. Ó rò pé òun ni mo ń bá bẹ̀bẹ̀. Ó fi Hausa pariwo pé, “Ẹ gbọ́ ohun tí màmá wí, ẹ dáríjì mí!” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà dìde, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, kó padà wá. Àwọn mọ́kànlá ní àgbà wo, ta ló mú un wá, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ àwọn? Gbogbo wọn tún wá ń jágbe, lọ́tẹ̀ yìí mọ́ra wọn.

Ràṣídì ló wà nínú ìṣòro jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ yẹn, èèwọ̀ ni. Kí ni ọmọ tí a kọ́ nílé ń ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀. Ó na gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, àyà kan ilẹ̀, imú kan ilẹ̀. Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde,” ni ó wí láti inú kápẹ́ẹ̀tì. “Ẹ má ṣépè fún mi. Ó ti jáde ná.”

“Ta ló jáde?”

“Ọmọ yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

Ọmọ náà wo ìka yẹn. Ó wo àgbàlagbà tó sùn sílẹ̀ tí kò sọ ìka náà kalẹ̀. Ó gbé igi rẹ̀ sí èjìká, ó lọ. Ìyá àgbà onítíì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ohun tí Ràṣídì fi pamọ́

Nígbà tí wọ́n dá eré dúró láti mu omi, àbúrò mi wá jókòó tì mí. Mo ní ìyàwó dà? Ó ní ìyàwó wo?

Kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe eré náà. Adájọ́ rẹ̀ ni Ràṣídì: ìbéèrè làwọn mọ́kànlá yẹn ń jágbe bi í, bó bá sì na ìka sókè, ẹni tó di igi mú ti jáde nínú eré nìyẹn. Ìyá àgbà yẹn sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Alkali ne.” Ọmọ rẹ̀ ni Mẹ́síọ̀ Kíṣọ́, ẹni tí Ràṣídì ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan tó ti pẹ́, Ràṣídì mú àpẹẹrẹ aṣọ wá bá a ní pápá yìí, ó bá wọn lẹ́nu ìjà. Àwọn ará Íńdíà ní bọ́ọ̀lù kan igi, àwọn ará Pàkísítánì ní kò kàn án.

“Mo ní ó kàn án, mo gbọ́ ọ,” ni Ràṣídì wí. “Wọ́n ní báwo ni mo ṣe gbọ́ ọ? Mo ní aṣọ ni mò ń tà. Bí òwú kan bá já lára aṣọ, mo ń gbọ́ ọ. Ni wọ́n bá ní èmi tí n kì í ṣe ará Íńdíà, tí n kì í ṣe ará Pàkísítánì, kí n máa wá.”

Òkúta mẹ́fà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹnìkan ń sọ bọ́ọ̀lù kí ẹlòmíràn tó gbà á. Òkúta ni kò jẹ́ kí iye rẹ̀ dàrú mọ́ adájọ́ lójú. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ń kó wọn dànù nílé, gbogbo ọ̀sẹ̀ lòun ń ṣa tuntun.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀? Ó yí ife tíì lọ́wọ́ kan, ó yí i padà.

“Tí mo bá sọ fún un, á ní kí n má lọ mọ́. Tó bá sì ní kí n má lọ mọ́, n kò ní lọ mọ́.” Ó gbé ife náà kalẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀ tí inú á bí wọn, tí wọ́n á sì ṣe é.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi dùn mí.

Ìyá Sáfù gbọ́

Ẹ̀wà ni Ìyá Sáfù ń ṣà nígbà tí a dé. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láti orí kápẹ́ẹ̀tì dé orí ìdọ̀bálẹ̀. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wá, mo ń bá a bò ó. Ó ní ọkùnrin wo ló ń dúró sínú oòrùn Niamey láti wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣeré, kì í tún ṣe òun ni yóò gbá bọ́ọ̀lù? Ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì yẹn tilẹ̀ lọ́gbọ́n nínú jù ú lọ.

“Maman, c'est vrai, òótọ́ ni,” ni Sáfù wí. “Papa sùn sílẹ̀, ìka rẹ̀ wà lókè.”

Ìyá Sáfù fi ẹ̀wà sílẹ̀. “Kò sí obìnrin?”

“Kò sí,” ni mo wí.

Mo rò pé yóò dúpẹ́, yóò sì lọ tú báàgì rẹ̀. Kò dìde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ obìnrin, mo mọ ohun tí n ó ṣe. Bọ́ọ̀lù ni. Ọkọ mi fi bọ́ọ̀lù pamọ́ fún mi. Ṣé mo wá burú tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo fa àtẹ ẹ̀wà sọ́dọ̀ mi, a jọ ń ṣà á. Báàgì rẹ̀ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe wà.

Ọjọ́ Àìkú kejì

Nígbà tí Ràṣídì ń yọ́ jáde lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wé gèlè, ó gbé àga rẹ̀ lọ́wọ́. “A jọ ń lọ ni,” ó ní. Àbúrò mi wò mí, mo wo òkè.

Ní pápá, Ìyá Sáfù gbé àga ti àga ìyá Mẹ́síọ̀ Kíṣọ́. Ó tọ́ tíì wò, ó ní atalẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ní kápẹ́ẹ̀tì náà wọ́. Ó ní ẹni tó ń sáré yẹn kò jẹun láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń wo ọkọ rẹ̀, ó ń wo bó ṣe dúró ṣánṣán nínú oòrùn tí àwọn ọkùnrin tó lówó jù ú lọ ń dúró dè é kó tó sọ̀rọ̀. N kò mọ ohun tó ń rò. N kò sì bi í.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ́sí tún bọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú igi rẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n jágbe, Ràṣídì fetí sílẹ̀, ó na ìka. Ọmọ náà kò lọ. Ó ń fi ọwọ́ lu igi, ó ń bi Ràṣídì léèrè nǹkan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kùn. Mo rí i tí èjìká àbúrò mi fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nílé.

Ìyá Sáfù dìde. Ohùn yẹn, ẹ̀yin ará mi, ó dé àárín pápá kó tó dìde tán.

“Ya ce ka tafi!” ó ní. “Ó ní kí o máa lọ! Kí lo tún ń bi í? Etí ọkọ mi kì í gbọ́ àṣìgbọ́!”

Ọmọ náà lọ, ó tilẹ̀ yára. Ràṣídì kò rẹ́rìn-ín, adájọ́ kì í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó wo ọ̀dọ̀ wa pẹ́ débi pé ó gbàgbé láti mú òkúta, ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀meje.

Báàgì

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Sáfù béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá òun lè bá àwọn ọ̀rẹ́ òun lọ sétí odò. Ìyá Sáfù la ẹnu, ó pa á dé. Ó ní, “Bi bàbá rẹ.” Ràṣídì, tó ń jẹun, wo ẹ̀yìn bí ẹni pé bàbá mìíràn ló jókòó síbẹ̀. Ó jẹ òkèlè méjì. “Lọ,” ó ní, ó sì yí ojú sí ìyàwó rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun dúró. Ó dúró.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà sílé, mo rí i tí wọ́n gbé báàgì Gánà-mọ́sí-gò yẹn jáde sí àgbàlá. Ẹ̀rù bà mí, mo ní mo tún ti gbé ìyàwó àbúrò mi lọ nìyí. Ìyá Sáfù tú okùn rẹ̀. Kílíṣí ló wà nínú rẹ̀, àti àlùbọ́sà, àti dàbínù fún àwọn ará ilé. Aṣọ rẹ̀ kan kò sí níbẹ̀.

Ó jókòó tì mí bí a ṣe ń dúró de takisí, ó ń jẹ dàbínù. Mo rò pé oúnjẹ lásán ló ń jẹ, títí mo fi rí i pé kò tu kóró rẹ̀ dànù. Ó ń fọ̀ wọ́n nínú ife omi, ó ń tò wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò wọ́n, ó ń ju èyí tó bá gùn jù nù. Nígbà tó ku mẹ́fà tó dọ́gba, ó fi etí aṣọ nù wọ́n gbẹ.

“Òkúta ń lu àpò ẹ̀wù,” ó ní, kò wojú mi. “Èmi ni mo sì ń rán an.”

Ẹ̀wù funfun Ràṣídì wà lórí okùn, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti gbẹ. Ó dìde, ó fa ẹ̀wù náà mọ́ra, ó fẹ́ ju kóró mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí àpò kan, ó dúró, ó ronú, ó yí ẹ̀wù náà padà, ó sì kó wọn sí àpò kejì.

“Ọ̀tún ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀,” ni ó wí.